Àpótí Bàbá Fítà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkòtún wọ Ìjẹ̀gùn kò lè retí láti gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Dánfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ó ń fọn fèrè níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di òru, kò sì sí ojú irin kankan tí ó la àdúgbò náà kọjá. Síbẹ̀, bí àlejò bá béèrè ilé Bàbá Fítà, ọmọdé tí ó bá kọ́kọ́ pàdé yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì fi kún un pé, "Bàbá tí ń tún rélùwéè ṣe nìyẹn."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1973, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ni ó wọ iṣẹ́ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí ń jẹ èédú láti Ẹnúgù, ti ń kógbá sílé nígbà náà. Ọkọ̀ dísẹ̀lì, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ wa láti àárín àwọn ọdún 1950, ni ó gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, àwọn àgbà tí ó bá lẹ́nu iṣẹ́ a máa sọ̀rọ̀ iná èédú àti èéfín funfun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àárọ̀, ṣùgbọ́n dísẹ̀lì ni òun mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dé egungun. Nígbà tí ó ra ilẹ̀ sí Ìjẹ̀gùn, igbó ibẹ̀ pọ̀ ju ilé lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó lọ kọ́lé sí ibi tí ojú irin kò lè bá a dé.

Àpótí onígi kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Owó oṣù ara rẹ̀ ni ó fi ra ohun tí ó wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún: àwọn sípánà ńlá tí ọmọdé kò lè fi ọwọ́ kan gbé, òòlù mẹ́ta, ayùn irin, àti àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ́lẹ́ bí ewé, èyí tí a fi ń wọn àlàfo tí ojú lásán kò lè rí láàrin irin méjì. Ọ̀pá irin kan sì wà níbẹ̀ tí ó gùn tó apá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bàbá náà a fi orí ọ̀pá yìí kan ara irin, a gbé ìdí rẹ̀ sí etí, a sì mọ èyí tí ń ṣàìsàn nínú àwọn sìlíńdà, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti í fi etí sí àyà aláìsàn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìwé kan wà tí epo ti rin ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó kún fún òǹkà àti àwòrán tí bàbá fi pẹ́ńsù yà.

Ohun tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra irin kọ̀ǹdẹ̀mú. Ó ti gbọ́ ìròyìn àpótí náà. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ìsinmi ọdún 2025, ó wọlé, ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e sórí òṣùwọ̀n. Owó tí ó dá lé e kì í ṣe kékeré lójú ilé náà. Ọmọbìnrin bàbá, tí ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Ìkòtún, ni ó ń dá gbé ẹrù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ń lọ sí kíláàsì tí a ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde.

Obìnrin náà kò ṣe àfojúdi. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Owó ìdánwò ọmọ yìí kò ní pẹ́ dé. Irin tí ẹ kò fi ṣiṣẹ́ mọ́, ṣé kí ó máa dógùn-ún lábẹ́ ibùsùn, kí a máa wá owó kiri?"

"O kò ṣẹ̀ mí," ni bàbá dáhùn. "Òótọ́ ni o sọ. Ṣùgbọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yìí kò tíì rí ohun tí wọ́n fi irin náà ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin onírin náà ṣe ti ọmọlanke rẹ̀ lọ, ó ní òun yóò padà ní Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀ jí jáde ní kùtùkùtù. Wọ́n wọ dánfó láti Ìkòtún dé Ọ̀ṣòdì, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pè ní Ọ̀nà Pupa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024. Ọmọ náà ń wo ìjókòó dídán, ó ń wo fèrèsé ńlá, ó ní ọkọ̀ tuntun dára. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ tí ìjọba Èkó rà fún ojú ọ̀nà yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò fi kó èrò rárá. Ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí olùrà, kí Èkó tó rà á ní 2022. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ta òkìrìkà yẹ kí ó mọ̀ pé ohun tí ẹnìkan kò fẹ́ mọ́ lè di ọ̀ṣọ́ lára ẹlòmíràn. Dísẹ̀lì ni ó sì ń wọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wọ́ èyí tí bàbá lò láyé àtijọ́.

Ní Òyìngbò ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ àgbègbè rélùwéè Ẹ̀bùté Mẹ́tta, níbi tí ìtàn pọ̀ sí ju bí ojú ti lè rí lọ. Láti Ìddó nítòsí ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin ní 1896. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Níbẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó àti Haúsá ti kọ́ iṣẹ́ irin. Michael Imoudu, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣe é yà kúrò lára ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni òun náà.

Ilé Jaekel ni bàbá kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n sì fi orúkọ Francis Jaekel sọ, ọ̀gá rélùwéè kan tí ó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sínú ìwé. Ilé náà ti ń bàjẹ́ lọ kí ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ mọ́ Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà láti tún un ṣe ní nǹkan bí ọdún 2010. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé, wà lára àwọn tí ó ṣe aájò náà. Ilé náà ti di ibi ìkó-nǹkan-ìtàn-sí. Àwòrán àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ayé àtijọ́ wà lára ògiri, ohun èlò rélùwéè sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò.

Bàbá yọ fìlà. Ó wo àwòrán kan títí, ó tún wo òmíràn, bí ẹni pé ó ń wá ojú tí òun mọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ náà béèrè bí ibẹ̀ ti rí lójú rẹ̀.

"Ó dára púpọ̀," ni ó wí. "Àwọn tí ó ṣe é ṣe ohun tí ó tọ́. Ilé, bí o bá tún òrùlé rẹ̀ ṣe, tí o kùn ún lọ́dà, ó parí. Kò sí ohun tí ilé ń ṣe ju kí ó dúró lọ. Ṣùgbọ́n wá wo ọkọ̀ ná."

Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́nà. Ọkùnrin yìí rí ọwọ́ bàbá, tí èékánná rẹ̀ kan ti ya sí ìdajì láti ìgbà èwe, ó sì mọ̀ pé oníṣẹ́ ni. Ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́ kan dúró lórí irin tí koríko ti bò. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, alángbá sì ń sá wọ abẹ́ rẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ibi tí oòrùn kò dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé eléyìí ṣì lè rìn?"

"Kí ni o rò pé ó ń mú un rìn?"

Ọmọ náà ní ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ni ó ń yí àgbá-kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ àgbà ń ṣe ni ó ṣe. Nínú irú ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì kò kan àgbá-kẹ̀kẹ́ rárá. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni ó ń yí. Jẹnẹrétọ̀ yìí ń pèsè iná ìjìnlẹ̀, iná náà ń gba inú wáyà sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ẹ̀rọ iná mìíràn tí ó so mọ́ ọ̀pá àgbá-kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń yí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹrù tọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún mélòó kan kò ṣe é fi jíà ṣí nílẹ̀ bí a ti ń ṣí dánfó. Jíà náà yóò fọ́. Iná a máa rọra fà á bí ẹni tí ń ti àgbàlagbà dìde lórí ìjókòó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ jí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ mẹ́káníìkì nìkan, kò sì lè jẹ́ oníná nìkan.

Ibí yìí ni bàbá ti gbàgbé pé òun ti di ẹni àádọ́rin ọdún. Ó jókòó sórí pákó ojú irin kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ náà bí babaláwo ti ń ka Odù. Ohun àkọ́kọ́ tí aláìmọ̀kan yóò ṣe, ó ní, ni pé yóò gbé bátìrì tuntun wá, yóò sì tẹ̀ ẹ́ kí ó jí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti pa á. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún lè ti gba ojú ihò èéfín wọ inú sìlíńdà. Omi kò sì ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́: bí písítìnì bá gòkè bá omi, ohun tí yóò tẹ̀ ni ọ̀pá irin tí ó gbé písítìnì náà dúró, tí ó nípọn ju ọwọ́ ọkùnrin lọ. Nítorí náà, ọwọ́ ni a ó kọ́kọ́ fi yí ẹ́ńjìnnì náà, pẹ̀lú irin gígùn, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ṣí gbogbo ojú sìlíńdà sílẹ̀ kí omi lè rí ibi jáde. Bí ó bá kọ̀ láti yí, a kò gbọdọ̀ bá a jà. A ó da epo sí i, a ó sùn, a ó padà wá.

Lẹ́yìn èyí ni epo. Epo ògbólógbòó inú táǹkì ti di ẹrọ̀fọ̀, ó sì ní láti jáde tán. Nígbà tí bàbá dé ibí yìí, ó dúró, ó wo ojú ọmọ náà. Ẹni tí ó ń gbé Ìjẹ̀gùn kì í fi epo ṣeré. Ní 15 May 2008, katakata tí ń la ọ̀nà fọ́ ọ̀pá epo tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ níbẹ̀, iná sì ṣẹ́ yọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ọmọ ilé-ìwé wà nínú wọn. Dísẹ̀lì kì í tètè gbaná bíi bẹntiróòlù, èyí sì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ. "Kò sí epo tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́," ni bàbá wí, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

A ó tú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fọ́n epo sínú sìlíńdà, a ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fọ́n bí ìrì, ó dára; bí ó bá ń kán bí omi ẹ̀rọ tí kò tì dáadáa, yóò jó orí písítìnì. A ó fọ rédíétọ̀, a ó wá ibi tí ó ti ń jò. A ó ti epo tí ń dẹ irin lára wọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kí ó tó yí fúnra rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan tí irin fi ń gé irin láìsí epo lè ba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà jẹ́.

Apá ti iná ni ó ń gba sùúrù jù lọ. Ìrì ti wọ inú wáyà tí a ká sínú jẹnẹrétọ̀. Rọ́bà tí a fi bo wáyà láyé ọjọ́un a máa gbẹ, a máa fọ́ bí gúgúrú. A ní láti fi ẹ̀rọ wò ó bóyá iná kò ní jò gba ibi tí kò yẹ. Bí ó bá ń jò, a ó fi ooru rọra gbẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, a ó sì pààrọ̀ èyí tí ó ti kú. Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé ni a tó so bátìrì. Bàbá gbádùn ohun tí ó kàn yìí púpọ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́, jẹnẹrétọ̀ kan náà tí ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ni ó kọ́kọ́ ń yí ẹ́ńjìnnì. Bátìrì yóò fún un ní iná, òun yóò jí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò sì wá máa yí i títí alẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ti rí. Ewu kan sì wà tí àwọn ìgbà náà kò kà sí: ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń di ibi gbígbóná. Èruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lónìí, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbo imú àti ẹnu bí ó ti yẹ, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó yọ ọ́.

"Ta ni ó wá lè ṣe gbogbo rẹ̀, Bàbá?"

Bàbá fi ìka ka àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹni kan wà ní Ọ̀ṣogbo tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹni kan wà ní Zaria. Ìka rẹ̀ kò tó márùn-ún tí ó fi dẹ́kun.

Kì í ṣe àlá ni kí ọkọ̀ tí ó ti sùn jí. Ní ilẹ̀ Wales, ní 1951, àwọn tí kò gba owó oṣù kankan gba ojú irin Talyllyn tí ó fẹ́ parun, wọ́n sì ń wà á fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ooru omi ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣàánú, nítorí ó ní èéfín àti ariwo tí ó wu ojú àti etí. Ta ni yóò ṣàánú dísẹ̀lì, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó lé èyí tí wọ́n fẹ́ràn kúrò lójú irin? Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn òun náà wà. Ilé-iṣẹ́ English Electric ṣe ọkọ̀ dísẹ̀lì méjìlélógún kan ní 1961 àti 1962, tí wọ́n ń pè ní Deltic. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì méjì, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 3,300. Wọ́n ń sáré láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ẹṣin tí ó borí nínú eré ìje sọ díẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ 1982, iṣẹ́ wọn ti parí. Ṣùgbọ́n ní 1977, nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbà á là. Mẹ́fà ni ó là nínú méjìlélógún náà. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí níbẹ̀ ni pé wọn kò dúró kí ọkọ̀ náà kú, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì kú, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n ti ojú irin wọn pa ní 1974. Ogun jà níbẹ̀ láti 1991 dé 2002, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ sì wà nínú ilé iṣẹ́ wọn ní Cline Town, Freetown, láìsí ẹni tí ó bìkítà. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Steve Davies, rí wọn níbẹ̀, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà sì fọ̀ wọ́n, wọ́n kùn wọ́n, títí wọ́n fi ṣí ibẹ̀ fún aráyé ní 2005. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò gbé èrò. Ṣùgbọ́n wọn kò di ìkòkò àti ìṣó, èyí tí irin kọ̀ǹdẹ̀mú sábà máa ń dà.

Ìṣòro mìíràn wà ní ti ilẹ̀ wa. Ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là fẹ̀ ní mìlímítà 1,067, ti tuntun tí ó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, sì fẹ̀ ní 1,435. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ jí ọkọ̀ àtijọ́ lónìí, kò lè gun ojú irin tuntun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bá a mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àlejò máa gun ún fún afẹ́ ní láti tọ́jú ojú irin àtijọ́ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá péré, pẹ̀lú koríko rẹ̀ ní rírẹ́ àti pákó rẹ̀ ní pípààrọ̀. Ọkọ̀ afẹ́ kì í sáré, kò sì nílò láti lọ jìnnà. Owó tí àwọn àlejò bá san ni a ó fi ra epo àti ọ̀dà. Bàbá gbà pé kò ní sí èrè ńlá kan nínú rẹ̀, kò sì tan ọmọ náà jẹ pé yóò sí.

Oòrùn ti gun orí kí wọ́n tó dìde. Ọmọ náà fi ọwọ́ kan ara ọkọ̀ náà ní ibi tí bàbá ti fi ọwọ́ kàn án. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dì wọ́n mú láti Ìsọlọ̀, bàbá sì sùn lọ.

Ní Ọjọ́rú, ọkùnrin onírin náà dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Bàbá ní kí ọmọ náà wọ́ àpótí jáde. Ìyá rẹ̀ ti fi ọjà sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ó rí i tí bàbá jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀ tí ó ń yọ nǹkan síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi ni, ẹ fi í sílẹ̀. Màá wá ọ̀nà mìíràn."

"Ọ̀nà wo?" ni bàbá béèrè, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Sípánà pọ̀ ní ọjà. Ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ lọ́la yóò ra òmíràn."

Ó kó àwọn sípánà ńlá sórí òṣùwọ̀n. Ó kó òòlù méjì, ó kó ayùn irin. Ó gbé èyí tí ó kéré jù nínú òòlù náà, ó wò ó, ó fi í kún un. Ọkùnrin náà ka owó lé obìnrin náà lọ́wọ́. Kò pé owó ìdánwò, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bojú wo inú àpótí, ó rí abẹ irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn, ọ̀pá gígùn, àti ìwé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kó ìyókù mọ́ ọn. Kò wọ̀n rárá."

"Mo mọ̀ pé kò wọ̀n," ni bàbá wí, ó sì dé àpótí náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, iná mànàmáná kò sí ní àdúgbò. Ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó gbé ìwé bàbá àgbà rẹ̀ sí apá kan, ó gbé ìwé tuntun tí ó yẹ kí ó fi ṣe ìṣirò sí apá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Pẹ́ńsù náà ti ń parẹ́ ní ibi púpọ̀. Ó kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì, ó kọ ìwọ̀n àlàfo wọn, ó ya àwòrán kan tí kò dára tó ti àkọ́kọ́. Ní ojú ewé kẹta, ó dé orí ọ̀rọ̀ kan tí epo ti bò. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ iná, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀ àgbà.